Gàrí Lórí Òkè Yorkshire

Ní ilé ìdáná kan ní Leeds, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, ọkùnrin ọmọ Ìbàdàn kan gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lé orí ìwọ̀n tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wọn fúláwà. Ó wo nọ́ńbà tó yọ, ó mirí, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì gé ìdajì ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì náà dànù. Kò tíì wọn ìyókù tán tí ìyàwó rẹ̀ fi yọ sí i lẹ́yìn.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń dín ẹrù kù ni. Gíráàmù mẹ́fà nìyẹn."

Ìyàwó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ibi ìgbànú. "Gíráàmù mẹ́fà. Ikùn yìí ńkọ́? Ṣé ẹ ó fi ìyẹn sílẹ̀ nílé dè mí ni?"

Ọ̀ràn náà kò ju pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní kó wá bá àwọn rìn lópin ọ̀sẹ̀. Nílé, ẹni tó bá pe èèyàn lópin ọ̀sẹ̀, òde àríyá ló ń pè é sí, owó aṣọ ẹbí nìkan ni ìṣòro tó wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní kí gbogbo wọn gbé ilé, ibùsùn àti ìdáná kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n ti abúlé Malham ní Yorkshire rìn gba orí òkè méjì kọjá dé Horton-in-Ribblesdale, kí wọ́n sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n máa sọ pé àwọn ti sinmi.

Ọ̀nà náà jẹ́ apá kan Pennine Way, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn tó máìlì 268, láti Edale ní Derbyshire títí dé Kirk Yetholm, tó ti wọ ilẹ̀ Scotland. Akọ̀ròyìn kan, Tom Stephenson, ló dábàá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1935. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà ọ̀hún ní 1965, orí pápá Malham gan-an ni wọ́n sì ti ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Bàbá Ìbejì ti fẹsẹ̀ rìn láti Ìwó Road dé Dùgbẹ̀ rí nígbà tí epo pẹtiróòlù wọ́n, kò sì sí ẹni tó wá gé rìbọ́ọ̀nù fún un.

Ìṣirò ọjà ló kọ́kọ́ dà á lórí rú. Nílé, ohun tó bá wúwo ni a gbà pé ó dára: ìkòkò irin, aṣọ òfì, ilẹ̀kùn ìrókò. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù arìnrìn-àjò orí òkè, bí ohun kan bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ni owó rẹ̀ ń gòkè. Àgọ́ ẹlẹ́nìkan tó wúwo tó kìló méjì, èèyàn lè rí i rà láàárín 50 sí 100 pọ́n-ùn. Èyí tí kò pé kìló kan, 300 pọ́n-ùn lè má ká a. Èyí tí wọ́n bá fi aṣọ Dyneema rán tún kọjá bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣíbí kan ṣoṣo tí wọ́n fi titanium ṣe, owó rẹ̀ á ra ṣíbí tí gbogbo ilé máa fi jẹ ìrẹsì. Owó ohun tí wọ́n yọ kúrò lára ọjà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á ní nǹkan mẹ́ta ló ń kó ìwúwo báni: àgọ́, àpò ìsùn, àti àpò ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bójú tó, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sílẹ̀ ní àlàáfíà. Lórí wíwọn ẹrù, kò sì sí ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ìyàwó ilé Yorùbá. Ìyá Ìbejì ti dúró lẹ́nu káńtà ní pápákọ̀ òfurufú, àpótí méjì níwájú rẹ̀, kìló 23 ni àyè tó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń yọ panla láti inú èyí sínú èyí, tó wọ kóòtù méjì léra wọn nínú ooru oṣù Kẹjọ. Kò ka ìwé kankan kó tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé àwòrán ẹnì kan kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, ó yẹ kó jẹ́ ti Emma Gatewood, ìyá àgbà ará Ohio ní Amẹ́ríkà. Ọmọ mọ́kànlá ló bí. Ní 1955, nígbà tó di ẹni ọdún 67, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ rìn díẹ̀, ló bá dá Appalachian Trail rìn láti Georgia dé Maine, ọ̀nà tó ju máìlì 2,000 lọ. Bàtà kánfáàsì Keds ló wọ̀. Àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, bùláńkẹ́ẹ̀tì àwọn ológun wà nínú rẹ̀, kọ́tìnnì ilé ìwẹ̀ ló sì fi ń gba òjò. Kò ní àgọ́, kò ní àpò ìsùn. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dá ọ̀nà náà rìn tán láàárín sáà kan.

Ní 1992, Ray Jardine, agunkè tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé tó sọ ẹrù fúyẹ́ di ẹ̀kọ́: kéèyàn rán ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi tapólì rọ́pò àgọ́, kó wọ bàtà ìsáré dípò búùtù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò dé, tí wọ́n ń ta ọgbọ́n kọ́tìnnì ilé ìwẹ̀ fún wa ní 600 pọ́n-ùn.

Bàbá Ìbejì kò ní 600 pọ́n-ùn láti fi sùn nínú igbó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú, níbi tí àwọn ọlọ́rẹ ti ń kó ẹrù tí wọn ò lò mọ́ sílẹ̀. Àpò ẹ̀yìn onílítà 50 ló rí níbẹ̀, èyí tó dà bíi pé ẹni tó ni ín gun òkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó lọ sí Decathlon, ilé ìtajà tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní 1976, ó ra ẹní fóòmù tí owó rẹ̀ kò tó 20 pọ́n-ùn. Ẹní tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú rọ̀ ju fóòmù lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan ṣoṣo ló máa ń parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín òru. Fóòmù kò tó ìdajì kìló, kò sì ní ohun tó fẹ́ jò.

Níbi àpò ìsùn ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lára èyí tí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù dán wò. Èkíní ni òtútù tí obìnrin lè sùn sí ní ìrọ̀rùn. Èkejì ni ibi tí ọkùnrin lè fara dà á mọ, bó bá ká eékún mọ́ àyà. Ẹ̀kẹta, tí àwọn olọ́jà máa ń fẹ́ kọ gàdàgbà nítorí pé òun ló dún jù, ni òtútù tí èèyàn lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó má tíì kú. Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ rajà, èkíní ni kó wò, kó sì tún fi ìwọ̀n márùn-ún sí i fún ìtìjú.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́, ó sì móoru, àmọ́ bí omi bá wọ inú rẹ̀, ó máa ṣù pọ̀, ooru rẹ̀ á lọ. Polyester tóbi, ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́n, bó bá sì tutù kì í kọ ẹni tó ni ín sílẹ̀ pátápátá. Polyester ni Bàbá Ìbejì rà. Ẹ rántí èyí.

Àgọ́, ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló yá a. Ẹ̀wù òjò, ti ojoojúmọ́ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Owó tó kù ló fi ra ìbòrí òjò fún àpò ẹ̀yìn, aṣọ pelebe olókùn rọ́bà tí ẹni tó tà á fún un búra pé ìjì kì í ṣí.

Oúnjẹ ló dá a lójú jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá, tí owó ọ̀kan ń sún mọ́ pọ́n-ùn mẹ́wàá nígbà mìíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé sítóòfù, agolo gáàsì àti ìkòkò láti se omi rẹ̀. Bí òtútù bá sì mú dé ibi tí omi ti ń di yìnyín, gáàsì butane nìkan kì í fẹ́ gbéra mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn ti ń fi sítóòfù sílẹ̀ nílé. Wọ́n ń rẹ oúnjẹ sínú omi tútù nínú ìgò, wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ pé ọgbọ́n tuntun ni.

Bàbá Ìbejì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kékeré tó ń ṣọdẹ lẹ́bàá Ìbàdàn ti ń mu gàrí nínú igbó láti ìgbà tí òun ò tíì wọ ilé ìwé: àdá, ìbọn, iná lórí, gàrí nínú àpò, ó tán. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù gàrí ní agbára oúnjẹ tó sún mọ́ kálórì 350, kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ìkòkò. Ó wọn gàrí Ìjẹ̀bú kìló kan, ó kó kulikúlì, ṣúgà àti mílíìkì oníyẹ̀fun tì í. Ó di gàrí náà sínú ọ̀rá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dì í lọ́jà Bódìjà, ó ta kókó kan ṣoṣo sí i lórí, ó sì gbé e lé orí àpò ìsùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn pé, òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá adágún Malham Tarn. Òjò Ìbàdàn máa ń bínú, á pariwo, á ya òrùlé ẹni méjì, á sì dá kí wọ́n tó gbé abọ́ kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò. Ti Yorkshire kì í bínú rárá. Ó kàn ń rọ̀ ni, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀ pàápàá, kò sì bèèrè ìgbà tí ẹ fẹ́ kóun lọ. Lórí Fountains Fell, tó ga tó mítà 668, ìjì wá bá a ṣe é. Ìbòrí tí ìjì kì í ṣí gbéra kúrò lẹ́yìn Bàbá Ìbejì, ó fò kọjá lórí ògiri òkúta, ó kọrí sí ọ̀nà ìlà-oòrùn. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó títí tí kò fi hàn mọ́. Ẹnì kan ní ó ṣeé ṣe kó dé Denmark.

Láti ibẹ̀ ni àpò náà ti ń wúwo sí i. Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ fi í sórí ọjọ́ orí. Nígbà tí wọ́n dé ìdí Pen-y-ghent, tó ga tó mítà 694, tí apá gúúsù rẹ̀ jẹ́ òkúta tí èèyàn ní láti fọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn, ó gbọ́ tí nǹkan tútù kan rọra ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọjá ìgbànú, ó sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Obìnrin ará Scotland kan nínú wọn, tó ń gun òkè bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ló kígbe pé nǹkan funfun kan ń jò lára rẹ̀. Bàbá Ìbejì ní kó má ṣèyọnu, mílíìkì ni. Obìnrin náà kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi dé òkè.

Ní Horton, nínú pápá tí wọ́n san owó sí láti pàgọ́, ó tú àpò náà. Gàrí tó bá dára máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta, ti Bàbá Ìbejì sì dára gan-an. Ó ti mu òjò láti Fountains Fell, ó ti já kókó, ó ti bẹ́ ọ̀rá, ó sì jókòó sáàárín àpò bí ìyálé tó bá ìyàwó tuntun nínú yàrá rẹ̀. Ó wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó wà nínú fìlà. Ó ti gba ẹnu síìpù wọ inú àpò ìsùn lọ, ó sì kún ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà. Mílíìkì àti ṣúgà ti dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́nà. Kulikúlì nìkan ló ṣì gbẹ, òun ló wà nínú ike.

Ẹni tó yá a ní àgọ́ tan iná sí i. Ó rò pé òwú inú àpò ìsùn ló tú síta, ló bá sáré mú téèpù wá láti fi lẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìbejì ní kì í ṣe òwú. Ó ní oúnjẹ òun ni. Gbogbo wọn dákẹ́ lọ́nà tí àwọn òyìnbó máa ń gbà dákẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àṣà ẹlòmíràn. Ó fi ọwọ́ kó gàrí kúrò nínú àpò ìsùn lábẹ́ ẹ̀rọ omi, omi tútù tó ń ta èèyàn dé egungun, títí ihò tí omi ń gbà lọ fi dí, tí ẹni tó ni pápá fi dé pẹ̀lú ọ̀pá gígùn. Ọkùnrin náà tún un ṣe láìsọ̀rọ̀. Ó kan bèèrè bóyá sìmẹ́ńtì ni.

Obìnrin ará Scotland nìkan ló ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò. Ó fi ṣíbí titanium rẹ̀ bu díẹ̀ nínú èyí tó ṣì mọ́, ó fi kulikúlì sí i, ó jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn.

Bàbá Ìbejì wọ gbogbo aṣọ tó gbé wá, ó wọ inú àpò ìsùn tó tutù, tó sì ń rùn bí agbada àwọn tó ń yan gàrí. Polyester gbìyànjú. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ pè é lórí WhatsApp láti Ìbàdàn, ó ń bèèrè ìdí tí ibẹ̀ fi ṣókùnkùn.

"Màámi, inú igbó la wà. A pàgọ́ ni."

"Inú igbó? Ta ló lé yín kúrò nílé? Ṣé owó ilé ni ò tó, ọkọ mi? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

Ó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ kò yé Màámi. Níkẹyìn ó bèèrè ohun kan ṣoṣo: "Ẹ̀rù ò bà yín?" Bàbá Ìbejì ní rárá, kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Ìdáhùn yẹn ló lé oorun lọ ní ojú rẹ̀.

Nítorí òun náà ti sùn nínú igbó rí, kò sì san kọ́bọ̀. Nígbà ìkórè kòkó, gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n ń kó lọ sí aba bàbá rẹ̀ àgbà, lórí ẹní, lábẹ́ koríko, èéfín iná ní ń lé ẹ̀fọn. Kò sí ẹni tó pè é ní ìsinmi. Nísinsìnyí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kù sórí oko náà máa ń kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Ajínigbé ti sọ ọ́ di ibi tí èèyàn ń sáré gbà kọjá. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè sọ fún Màámi pé kó lọ sùn ní aba. Nílé náà, òkè wà: Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ, ó lẹ́wà ju Pen-y-ghent, ẹnikẹ́ni tó bá ti débẹ̀ á gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ Ìbàdàn gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kó ti ibẹ̀ gba inú igbó rìn lọ sí ìlú mìíràn, kó pàgọ́ lọ́nà? Àwọn ará ilé rẹ̀ á ti máa tu owó jọ kó tó pa èèkàn àgọ́ tán.

Ní Horton yìí, bí èèyàn bá sọnù lórí òkè, ẹgbẹ́ kan wà ní abúlé Clapham tí kò jìnnà síbẹ̀, Cave Rescue Organisation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n, wọ́n á jáde lóru, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wá ọ inú igbó lọ, owó ló ń bọ̀ wá gbà. Bàbá Ìbejì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń bínú sí gbogbo ènìyàn: sí ìjọba, sí àwọn ajínigbé, sí ìbòrí òjò, sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń hanrun ní àgọ́ kejì bí ẹni tí ayé kò ṣe ní nǹkan kan rí.

Ohun tó tún fa ẹ̀rín dé ni àgbò. Àwọn àgùntàn Swaledale ló pọ̀ lágbègbè yẹn, àwọn olójú dúdú tí ẹnu wọn funfun. Ní ìdájí, Bàbá Ìbejì gbé àpò ìsùn kọ́ sórí ògiri òkúta kó lè gbẹ, ó lọ fọ ojú. Ó padà dé, ó bá àgbò oníwo lílọ́ kan tó ti fà á wálẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀, tó ti orí bọ inú rẹ̀ dé ọrùn, tó ń lá ibi ẹsẹ̀. Bàbá Ìbejì fa apá kan, àgbò fa apá kejì. Obìnrin ará Scotland ya fọ́tò. Nínú ọkọ̀ ojú irin láti Horton padà sí Leeds, èrò kún, àmọ́ kò sí ẹni tó jókòó sí àga mẹ́ta tó yí i ká.

Lójú ọ̀nà yẹn ni wọ́n tó sọ fún un pé kò sí arìnrìn-àjò orí òkè gidi kan tó gbójú lé ìbòrí òjò. Ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú, èyí tó nípọn, ni wọ́n ń tẹ́ sínú àpò kí wọ́n tó kó ẹrù sí i. Kò wọ̀n tó ọgọ́rùn-ún gíráàmù, owó odidi ìdì kan kò sì ju pọ́n-ùn mélòó kan. Wọ́n rò pé ó mọ̀ ni.

Obìnrin ará Scotland ti ń ra gàrí tirẹ̀ báyìí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà. Inú ike bọ́tà ẹ̀pà tó ní ìdérí lílọ́ ló ń kó o sí, ó sì ń bá Bàbá Ìbejì jiyàn lórí bóyá ti Ìjẹ̀bú dára ju olómi ọsàn lọ. Wọ́n tún ti ń sọ̀rọ̀ ìrìn mìíràn kó tó di pé ìgbà òtútù wọlé.

Nílé, fọ́tò àgbò ti dé orí WhatsApp ẹbí. Àbúrò Bàbá Ìbejì tó ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn wò ó dáadáa, kò bèèrè nípa àgbò. Ó fẹ́ mọ iye tí iná tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so mọ́ orí nínú fọ́tò náà jẹ́, bóyá ó ń gba iná oòrùn, àti iye kìló tó wọ̀n, nítorí kágò ń gba owó lórí kìló. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iná yẹn ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ fi ẹ̀wù òjò kan tì í. Àgọ́ yẹn, ẹ máa lò ó níbẹ̀ o. Àwa ò sùn níta."